Ta Ló Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ẹṣin?

Bí ẹ bá bi Kristẹni mẹ́wàá léèrè pé kí ni George Mímọ́ ṣe láyé, àwọn tó bá mọ orúkọ rẹ̀ nínú wọn yóò sọ pé ó pa dírágónì. Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ náà lè ti rí àwòrán rẹ̀ rí: ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ẹṣin funfun, ó wọ ẹ̀wù irin, ó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹranko burúkú kan tó wà lábẹ́ pátákò ẹṣin. Ó ti wà lára owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1817. Ó wà nínú àmì ìlú Moscow. Àgbélébùú pupa rẹ̀ ló wà lórí aṣọ funfun tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń jù fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Georgia, àwọn ará Ẹtiópíà, àwọn Pọtogí, gbogbo wọn ló ń pè é ní tiwọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú abala Yorùbá wa yìí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti gbé mì. Ìjọ Ọlọ́run kò kọ́kọ́ bọlá fún ọkùnrin yìí nítorí pé ó pa nǹkan kan. Wọ́n pa á ni. Ikú rẹ̀ ni wọ́n ń rántí. Báwo wá ni ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí ṣe di ẹni tó ń gún ẹlòmíràn lọ́kọ̀? Ṣé ó sì tọ́ kí a fi iṣẹ́ tí ènìyàn kò ṣe bọlá fún un, kí a wá gbàgbé èyí tó ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ wa ti lè dúró. Ní oṣù kejì ọdún 303, Diocletian, olú ọba Róòmù, gbé àṣẹ kan jáde ní Nikomédíà, ìlú kan tó bọ́ sí ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Àṣẹ náà ni pé kí wọ́n wó ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni, kí wọ́n sun Ìwé Mímọ́ wọn, kí ẹni tó bá wà nípò nínú wọn sì pàdánù ipò rẹ̀. Eusebius, òpìtàn ìjọ tó wà láyé nígbà náà, sọ pé bí wọ́n ṣe lẹ àṣẹ náà síta gbangba, ọkùnrin pàtàkì kan lọ síbẹ̀, ó fà á ya, wọ́n sì fi ikú oró pa á. Eusebius kò dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé George ni.

Ohun tí àṣà ìjọ fi lé wa lọ́wọ́ nípa George fúnra rẹ̀ ni pé ará Kapadókíà ni, pé Lídà ní ilẹ̀ Palẹ́sìtínì ni ìyá rẹ̀ ti wá, pé ó ń ṣiṣẹ́ ológun lábẹ́ Diocletian, pé wọ́n ní kí ó rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù, ó kọ̀, wọ́n dá a lóró, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin. Lídà ni wọ́n ti ń fi ibojì rẹ̀ hàn àwọn arìnrìn-àjò láti ayé ọjọ́un. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ Lídà dáadáa: ibẹ̀ ni Pétérù ti gbé Énéà dìde lórí ibùsùn tó ti wà fún ọdún mẹ́jọ gbáko.

Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ológun kan tó mọ bí a ṣe ń jà, tí kò sì jà nígbà tí wọ́n wá mú un. Kò sí ẹṣin níbẹ̀, kò sí ọmọ ọba, kò sí dírágónì.

Àwòrán tó pẹ́ jù nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tí mo mọ̀ jẹ́rìí sí i. Ní ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n ń pè ní ti Catherine Mímọ́, ní ẹsẹ̀ òkè Sínáì ní Íjíbítì, pákó kan wà tí wọ́n fi àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ìda oyin yàwòrán sí ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà. Màríà jókòó ní àárín, ó gbé Jésù ọmọ ọwọ́ lé itan. Áńgẹ́lì méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Ológun méjì dúró sí apá ọ̀tún àti apá òsì: Theodore tó ní irùngbọ̀n, àti George, ọ̀dọ́ tí kò ní irùngbọ̀n rárá. Aṣọ ẹ̀ṣọ́ ààfin ni wọ́n wọ̀. Àgbélébùú ló wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n kàn dúró ṣinṣin, wọ́n ń wo iwájú bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè sílé ẹjọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ fi èdè wa pe irú wọn ní ajẹ́rìíkú, kí Ọlọ́run bá wa bù kún un. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fi sọ gbogbo ohun tó wà lórí pákó yẹn.

Ẹṣin dé lẹ́yìn. Àwọn ará Georgia, ní àárín àwọn òkè Caucasus, wà lára àwọn tó tètè gbé e gun ẹṣin. Ní ọ̀rúndún kẹwàá àti ìkọkànlá, àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà wọn ń lu àwòrán George tó ń gún nǹkan lọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Kì í ṣe dírágónì. Ènìyàn ni, Diocletian fúnra rẹ̀. Ẹni tó pa George ni George ń pa nínú àwòrán.

Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo sì ṣe àmín sí i. Wọ́n ń sọ pé ẹni tí ọba bẹ́ lórí ló borí, àti pé ọba tó rò pé òun ti ṣẹ́gun ló ṣubú. Ìyìn rere nìyẹn. Àmọ́ ojú kì í ka àwòrán bí ẹni ń ka ìwé ìtumọ̀ Bíbélì. Ọmọdé tó bá wọ ilé ìjọsìn náà, tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún, ohun tó máa rí ni ẹni mímọ́ kan lórí ẹṣin tó ń gún ènìyàn tó wà nílẹ̀.

Dírágónì, ti Theodore ni tẹ́lẹ̀, Theodore tí a rí lórí pákó Sínáì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rúndún kọkànlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún George ní tirẹ̀. Lópin ọ̀rúndún yẹn kan náà ni àwọn ajagun Àgbélébùú wá láti Yúróòpù. Ní 1098, nígbà tí ọ̀tá sé wọn mọ́ Áńtíókù, ẹnì kan tó kọ ìtàn ogun náà sọ pé ọmọ ogun tó gun ẹṣin funfun sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá ràn wọ́n lọ́wọ́, George sì wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Áńtíókù! Ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Kristẹni. Láti ìgbà náà ló ti di ọ̀gágun fún wọn pátápátá.

Ní nǹkan bí 1260 sí 1270, Jacobus de Voragine, mọ́ńkì oníwàásù ará Ítálì, kó ìtàn àwọn ẹni mímọ́ jọ sínú ìwé kan tí gbogbo Yúróòpù kà, Legenda Aurea. Inú rẹ̀ ni ìtàn tí ayé mọ̀ lónìí wà. Ìlú kan wà ní Líbíà tó ń jẹ́ Silene. Dírágónì kan ń gbé inú adágún omi ẹ̀bá ìlú, èémí ẹnu rẹ̀ sì ń pa ènìyàn. Àwọn ará ìlú ń gbé àgùntàn méjì fún un lójoojúmọ́ kí ó má bàa wá bá wọn nílé. Nígbà tí àgùntàn kò tó mọ́, wọ́n ń fi ènìyàn kún un, wọ́n ń ṣẹ́ gègé. Gègé mú ọmọbìnrin ọba. Ó múra, ó ń sunkún lọ sétí omi, George sì ń kọjá lọ. George gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọ̀kọ̀ ṣe ẹranko náà léṣe, ó wá ní kí ọmọ náà tú ọ̀já ìbàdí rẹ̀, kí ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Bó ṣe so ó tán, dírágónì náà ń tẹ̀ lé e bí ajá tó gbọ́ràn, wọ́n jọ wọ ìlú.

Ibi tí ó le sí nìyí. Àwọn ará ìlú rí i, wọ́n fẹ́ sá. George ní kí wọ́n má bẹ̀rù: kí wọ́n ṣáà ti gba Krístì gbọ́, kí wọ́n ṣe ìrìbọmi, òun yóò pa á. Ọba ṣe ìrìbọmi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe ìrìbọmi. Lẹ́yìn náà ni ó fa idà yọ.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ wàásù láti yàrá dé yàrá ní họ́sítẹ́lì lọ́jọ́ Sátidé, ẹ bá mi rò ó. Dírágónì dúró láàárín ọjà. Oníwàásù ní idà lọ́wọ́. Ta ló máa sọ pé òun kò ní ṣe ìrìbọmi? Nínú ìwé yẹn, a kò gbọ́ kí George wàásù àgbélébùú fún wọn, kò sí ẹni tó sunkún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìjọ ìlú Silene, ìbẹ̀rù ló bí i. Ọkùnrin tó kú nítorí pé wọ́n fẹ́ fi agbára mú un sin ohun tí kò gbà gbọ́, òun náà ni wọ́n wá fi ṣe ẹni tó fi ìbẹ̀rù sọ odidi ìlú di Kristẹni. Mi ò mọ bí a ṣe lè sọ ènìyàn di ìdàkejì ara rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwòrán kan wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí Paolo Uccello, ará Florence, yà ní nǹkan bí 1470. Uccello pa ìṣẹ̀lẹ̀ méjì inú ìtàn náà pọ̀ sójú kan. Ọmọbìnrin ọba dúró lápá òsì, ó mú okùn dání, okùn náà sì wà lọ́rùn dírágónì, bí ẹni mú ajá rẹ̀ jáde. Ní ìṣẹ́jú kan náà, George ń sáré bọ̀ láti apá ọ̀tún, ó sì ti ki ọ̀kọ̀ bọ̀ ọ́ lórí. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ẹni tó bá wò ó pẹ́ yóò béèrè pé kí ló dé tí ó tún ń gún ohun tí wọ́n ti so. Ojú ọmọbìnrin náà kò fi ìbẹ̀rù hàn. Ó jọ pé òun náà ń béèrè ni.

Arákùnrin kan lè sọ fún mi pé: àkàwé lásán ni gbogbo èyí, dírágónì dúró fún Sátánì, ó parí. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìfihàn orí kejìlá, níbi tí dírágónì náà wà. Mikaeli àti àwọn áńgẹ́lì jagun lọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ẹlẹ́ran ara, ohun tí Jòhánù sọ pé wọ́n fi borí ni ẹ̀jẹ̀ Ọ̀dọ́ Àgùntàn àti ẹ̀rí ẹnu wọn, àti pé ẹ̀mí wọn kò wù wọ́n débi pé wọ́n ń sá fún ikú. Kò dárúkọ ọ̀kọ̀. George tí wọ́n bẹ́ lórí wà nínú orí yẹn. Èyí tó gun ẹṣin kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo rí nípa àkàwé yìí ni pé àyè tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin kì í ṣófo. Ẹni tó bá di kànkàn-ìyàwòrán mú ló ń pinnu ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1896, àwọn ará Ẹtiópíà ṣẹ́gun àwọn ará Ítálì ní Adwa. Wọ́n gbé tábótì George, àmì mímọ́ ìjọ rẹ̀, lọ sójú ogun, ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ George nínú kàlẹ́ńdà tiwọn. Wọ́n gbà pé ó jà fún wọn. Inú mi dùn sí Adwa, n kò ní fi bò. Ọmọ adúláwọ̀ wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Àmọ́ Kristẹni ni àwọn ará Ítálì náà, Genoa tó jẹ́ ìlú ńlá wọn sì ti fi George ṣe alábòójútó fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ní 1915, ìjọba Bìrìtìkó lẹ pósítà George àti dírágónì káàkiri láti fi pe ọ̀dọ́ sógun. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé Jámánì ni dírágónì. Lẹ́yìn ogun, àwọn ìlú Jámánì gbẹ́ George kan náà sórí òkúta ìrántí àwọn ọmọ wọn tó kú. Ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ère George kan wà fún àwọn ẹlẹ́ṣin tó kú nínú ogun náà, wọ́n ṣí i ní 1924. Ìbọn ńlá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá ni wọ́n yọ́ láti fi ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an ni Bràsíl. Àwọn Pọtogí ti fi George ṣe alábòójútó ilẹ̀ wọn tipẹ́, wọ́n sì gbé e kọjá òkun. Ní àjọ̀dún Corpus Christi, wọ́n máa ń gbé ère rẹ̀ gun ẹṣin gidi ní ìgboro, ológun á sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá wọn. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ wó, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ síbẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n rí ère yìí. Ní Rio de Janeiro, wọ́n ní Ògún ni. Ní Bahia, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n so ó mọ́. Títí di òní, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí àwọn ènìyàn Rio yóò ti tò síwájú ilé ìjọsìn George nínú aṣọ pupa àti funfun, bàǹgà yóò máa dún lójú ọ̀run, wọ́n yóò sì se ẹ̀wà dúdú jẹ ní orúkọ Ògún. Láti 2008 ni ọjọ́ náà ti di ọjọ́ ìsinmi ní gbogbo ìpínlẹ̀ Rio.

Nínú fẹ́lóṣíìpù, irú ìtàn yìí la máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ bí ìbọ̀rìṣà ṣe ń yọ́ wọ inú ìjọ. Mi ò wá gbèjà ìbọ̀rìṣà. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni kí àwọn bàbá wa wọ̀nyẹn pè é? Ẹni tó kó ẹ̀wọ̀n irin sí wọn lẹ́sẹ̀ ló gbé ère kan síwájú wọn: ọkùnrin tó fi irin bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, irin lọ́wọ́, ó ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìbọn ń dún láti kí i. Ọmọ Yorùbá tó bá rí nǹkan báyìí, tí kò pè é ní Ògún, ojú rẹ̀ ló ń ṣe é. Kì í ṣe àwọn ló sọ George di òrìṣà ogun. Àwọn tó gbé e wá ti ṣe é tán kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀. Àwọn tiwa kàn dárúkọ ohun tí wọ́n rí.

Ká ní pákó Sínáì ni wọ́n gbé síwájú wọn ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró pẹ̀lú àgbélébùú lọ́wọ́, tí wọ́n wá sọ fún wọn pé ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ fún un, ó ní rárá, ọ̀gá lù ú, ó ní rárá, ọ̀gá pa á, Ọlọ́run sì gbè é. Wọn ì bá rí ara wọn nínú ojú rẹ̀. Olówó ẹrú wo ló sì máa sọ irú ìtàn yẹn fún ẹrú rẹ̀?

Ẹ lè sọ pé Bràsíl jìnnà, àti pé kò sí ère nínú gbọ̀ngàn tí a ti ń pàdé. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwòrán wà lórí wa. Òkè Ọya ni mo ti kàwé, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú yín, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá ti jẹ́ àlejò láàárín àwọn tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ní ọdún kan, ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Wọ́n jó ilé, wọ́n jó ilé ìjọsìn, wọ́n pa ènìyàn tí a mọ̀. Nígbà tí ó rọlẹ̀, a pé jọ fún àdúrà òru. A kọ́kọ́ gbàdúrà fún àwọn tó ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, àdúrà ti yí ohùn padà: kí iná jó wọn, kí wọ́n ṣubú, kí wọ́n má dìde mọ́. Ẹ mọ irú àdúrà yẹn. Ẹsẹ̀ ń jó ilẹ̀, ọwọ́ ń ju òkò ọ̀kọ̀ tí ojú kò rí.

Lẹ́yìn ìpàdé, arákùnrin kan tó wà ní ọdún kẹta bá mi lọ síta. Ó ní ọmọ yàrá òun, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló mú òun gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá lọ́jọ́ tí nǹkan le. Bíbélì òun wà nínú báàgì rẹ̀, lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó ní: ẹ̀gbọ́n, ṣé ó wà nínú "wọn"? Mo ní kò sí níbẹ̀. Ó ní: ta wá ló wà níbẹ̀?

Mi ò sọ pé kò sí ọ̀tá. A sin òkú ní ọdún yẹn. Mi ò sì sọ pé kí ọlọ́pàá jókòó sílé, tàbí kí bàbá má dí ilẹ̀kùn nígbà tí ọ̀tá bá ń bọ̀ wá bá ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dá dúró láyè tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kì í wàásù fún dírágónì. Kò ní ìyá. Kì í yá ènìyàn ní kẹ́tùlù. Bí a bá ti sọ aládùúgbò di dírágónì nínú àdúrà, iṣẹ́ ìwàásù ti parí lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tó kù ni ọ̀kọ̀. Pọ́ọ̀lù tó kọ́ wa pé ìjàkadì wa kì í ṣe pẹ̀lú ènìyàn ẹlẹ́ran ara, ó kọ ọ́ nígbà tí ẹ̀wọ̀n ènìyàn ẹlẹ́ran ara wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn a máa dá mi lóhùn pẹ̀lú Dáfídì. Dáfídì pa Gòláyátì, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kíyè sí bí Bíbélì ṣe sọ ọ́: ó dárúkọ ọkùnrin náà, ó dárúkọ ìlú rẹ̀, ó wọn gíga rẹ̀. Ènìyàn ló kú. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù tó ń lé Dáfídì kiri kú, Dáfídì fa aṣọ ya, ó sì sun ún lárò. Ọlọ́run tó sì ràn án lọ́wọ́ lójú ogun ló sọ fún un pé kò ní kọ́ ilé Òun, nítorí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó ti ta sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú Dáfídì ju kànnàkànnà lọ.

George nìkan kọ́ ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Maurice, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tó wá láti Thebes ní Íjíbítì, ìtàn tí bíṣọ́ọ̀bù Eucherius ti Lyon kọ ní ọ̀rúndún karùn-ún sọ pé wọ́n pàṣẹ fún òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láti gbé idà sí àwọn Kristẹni, wọ́n kọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n pa gbogbo wọn láìjà, pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Ní kàtídírà Magdeburg ní Jámánì, ère rẹ̀ kan wà láti nǹkan bí 1240 sí 1250: adúláwọ̀ gidi ni, imú àti ètè bíi tiwa, inú ẹ̀wù irin. Ère náà rẹwà púpọ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ Áfíríkà rí i. Otto Kìíní, tó dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ níbẹ̀ ní orúkọ Maurice ní 937, ibẹ̀ ló ti ń ṣètò bí yóò ṣe tẹ àwọn Slav orí ba ní ìlà oòrùn. Ọ̀kọ̀ ọba wọn ni wọ́n wá pè ní ọ̀kọ̀ Maurice. Ọkùnrin tó kọ̀ láti gbé idà!

Lídà ń jẹ́ Lod lónìí, ó wà ní Ísírẹ́lì. Ilé ìjọsìn George wà níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ibojì rẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Mọ́sálásí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbágbáágbá, lórí ilẹ̀ tí ilé ìjọsìn àtijọ́ wà. Àwọn Mùsùlùmí agbègbè náà ka George àti ẹni tí wọ́n ń pè ní al-Khidr sí ẹnì kan náà, débi pé abúlé kan lẹ́bàá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ń jẹ́ al-Khader nítorí rẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn ará abúlé náà, ilé ìjọsìn George sì wà láàárín wọn. Kristẹni àti Mùsùlùmí ni wọ́n ń gbé aláìsàn wọn wá síbẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n wá fọwọ́ kàn níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kọ̀. Ẹ̀wọ̀n irin kan ni, tí wọ́n gbà pé òun ni wọ́n fi de George nígbà tó wà nínú túbú. Wọ́n máa ń gbé e kọ́rùn, wọ́n á fẹnu kò ó, wọ́n á sì gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn wọn.